Orí Kẹrin: Orúkọ Tó Kù Lọ́rùn Ọmọ

Eṣinṣin kóòtù kì í bà lé èèyàn ṣeré. Bó bá ti bà lé ọ létí, o ti di ẹni tí wọ́n pè nìyẹn. Ì báà jẹ́ inú balùwẹ̀ lo wà, ì báà jẹ́ orí òrùlé. Orí okùn ló ti bá Fẹ̀hìntọlá. Obìnrin náà so rọ̀ lókè títì bí ọ̀bọ tó jí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń rán aṣọ ìbòòrùn tó fà ya, kí oòrùn ọ̀sán má baà yan àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ bí ẹni yan àgbàdo, nígbà tí nǹkan kan tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ bà á létí ọ̀tún. Ó gbá a.

Eṣinṣin náà ní, "Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ẹ má gbá mi mọ́, dúkìá ìjọba ni mí. Kóòtù Olórúkọ ti Ìsàlẹ̀-Ọsàn ń pè yín. Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ o, okùn yẹn ti gbó."

Báyìí ni Fẹ̀hìntọlá ṣe bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì kóòtù, tòun ti abẹ́rẹ́ ńlá láyà aṣọ, láìmọ ohun tó ṣẹ̀. Ó ti tú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ayé rẹ̀ wò bí ẹni tú àpò. Ṣé ti aṣọ ìbòòrùn tó já lu ìyàwó alága lórí ni? Ìyẹn ti parí, wọ́n ti bẹ̀bẹ̀. Ṣé ti ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣí wò ní ilé òkú lọ́sẹ̀ tó kọjá ni? Ó ṣí i wò ni o, kò bu nínú ẹ̀. Lára ògiri iwájú, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ gàdàgbà-gadagba: ẸNÌKAN NÍ Í BÍMỌ, IGBA ÈNÌYÀN NÍ Í TỌ́ Ọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù túbọ̀ bà á.

Obìnrin kan tó sanra dáadáa ló jókòó tì í, gèlè olóòtútù ń kùn wùùù lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí mi, ẹjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ dá níbí?"

"Ẹjọ́ ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni. Èmi ni Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ. Ẹ̀yin ńkọ́, ìdílé ìyàwó lẹ ti wá?"

"Ìyàwó ta?"

"Ìyàwó àbúrò mi."

"Mi ò mọ àbúrò yín, mà."

"Ẹ wá mọ ìyàwó rẹ̀."

"Mi ò mọ òun náà. Ẹ̀yin gan-an lẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ nínú ìdílé yín, a ò sì tíì mọra tán."

Àǹtí Ìbídùn wò ó láti orí délẹ̀, ó wá tún un wò láti ilẹ̀ dórí. "Ẹ ò mọ ọkọ, ẹ ò mọ ìyàwó. Báwo lẹ wá ṣe sọ ọmọ wọn lórúkọ?"

Ibẹ̀ ni Fẹ̀hìntọlá ti mọ ohun tó ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, kí òfin tó dé pé ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ jẹ gbèsè ìtọ́jú rẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti ta àtíbàbà tí òun kì í yà. Mogbọ́moyà paraku ni. Ó lè gbóòórùn ẹran díndín láti òdìkejì ìlú. Bó bá sì jẹ́ ìsọmọlórúkọ ni, ọgbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kó ju owó sínú àwo omi, kó pe orúkọ kan fún ọmọ, kí wọ́n lè rò pé ẹbí ni, kí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Mélòó ló ti sọ lórúkọ báyẹn? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ọlọ́run, àti Arántí, ẹ̀rọ roboto tó jókòó ní igun kóòtù bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó gbé gbogbo ìsọmọlórúkọ ìlú sínú.

"Ṣebí kí òfin tó dé ni wọ́n bí ọmọ yìí?" ó béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Òfin yẹn lójú lẹ́yìn orí," Àǹtí Ìbídùn dáhùn. "Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ mọ́? Ìyàwó ọmọ mi bímọ lóṣù tó kọjá, ẹ̀yìn gọ́tà ni gbogbo àlejò ti kí i."

"Kóòtù!"

Tìámíyù akọ̀wé ló kígbe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn dìde. Adájọ́ Jẹ́gẹ́dẹ́ wọlé, ìyá arúgbó kékeré kan tí agbádá iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mì, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ tó ti ọkùnrin mẹ́ta. Wọ́n mú ọmọ wọlé tẹ̀lé e.

Ọmọbìnrin ni, kò ju ẹni ọdún mẹ́fà lọ. Apá ọ̀tún irun rẹ̀ wà ní dídì, apá òsì sì dà bí oko tí wọ́n ń ro lọ́wọ́ tí òjò lé wọn wálé. Òun fúnra rẹ̀ ló dì í, ó hàn gbangba. Ìlẹ̀kẹ̀ orúkọ wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe wà lọ́rùn gbogbo ọmọ ìlú, hóró kan fún orúkọ kan, wọ́n ń tàn yanranyanran. Ó gun àpótí tí wọ́n fi hàn án, ó wá ń wo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí bí ẹni rí ojúlùmọ̀.

Dígí ńlá kan tàn lára ògiri. Ọkọ àti ìyàwó kan yọ nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ariwo ìgbì òkun lẹ́yìn wọn. Erékùṣù irin ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti ń yọ iyọ̀ kúrò lára omi òkun kí ìlú lè rí omi mu.

Adájọ́ ní, "Ìyá ọmọ, ìgbà wo lẹ rí ọmọ yín kẹ́yìn?"

"Àná ni, Olúwa mi. Ojoojúmọ́ ni Alágbàtọ́ ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. À ń rí i níbi tó ti ń jẹun, tó ń wẹ̀, tó ń sùn. Ẹ̀rọ tó dára ni, a ò lọ ra gbàrọgùdù."

"Aṣọ wo ló wọ̀ lánàá?"

"Aṣọ búlúù olódòdó yẹn ni."

"Lọ́jọ́ tó ṣáájú àná ńkọ́?"

Ìyá ọmọ ronú. "Búlúù."

"Láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìsinsìnyí, ṣé ẹ ti rí i nínú aṣọ mìíràn?"

Bàbá ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Tìámíyù ti nǹkan gíga kan tó rí bí odó jáde síwájú adájọ́. Apá méjèèjì rẹ̀ rọ bí ẹ̀fọ́ àná. "Alágbàtọ́ tí wọ́n ń wí nìyí, Olúwa mi. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti kú. Ọwọ́ rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, àmọ́ ẹnu tó fi ń ròyìn kò kú. Àwòrán àtijọ́ ló ń tún fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́."

"Bí olóṣèlú," ẹnìkan wí lẹ́yìn.

"Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn, jáde," Adájọ́ ní, láìwo ẹ̀yìn. "Kí ni ọmọ ń jẹ?"

"Gaàrí, Olúwa mi, àti ohun tí ẹ̀rọ ajíṣẹ́ bá jù sẹ́nu ọ̀nà. Orí Alágbàtọ́ yìí ló ń gùn kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó pẹpẹ. Ọ̀kan nínú eṣinṣin wa ló gba ojú fèrèsé wọlé tó bá a níbẹ̀."

Ọmọ náà ń fi èékánná họ ojú egbò kan ní orúnkún. Fẹ̀hìntọlá rí i pé òun ti fi abẹ́rẹ́ gún ara òun lọ́wọ́, kò mọ ìgbà tó yọ ọ́.

"Ẹ gbọ́, gbogbo ẹ̀yin olórúkọ," Adájọ́ ní. "Bàbá àti ìyá kò lè kúrò lórí òkun lónìí, ọkọ̀ ojú omi kan kò sí. Bí a bá pe orúkọ tí ẹ sọ ọmọ yìí, ẹ ó dìde, ẹ ó sọ ọ̀kan nínú méjì: mo dúró, tàbí mo yọwọ́. Ẹni tó bá dúró, ọmọ ń bá a lọ sílé. Ẹni tó bá yọwọ́, orúkọ rẹ̀ ti kúrò lára ọmọ nìyẹn. Bí gbogbo yín bá yọwọ́, ọmọ ti di ti ìjọba. Ọkọ̀ Ilé Ńlá ti wà níta."

Bí ẹni pé ọkọ̀ náà gbọ́, ó fọn fèrè lójú pópó. Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ Ilé Ńlá. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ọmọ níbẹ̀.

"Mofìyìnfólúwa!" Tìámíyù pè.

Àǹtí Ìbídùn dìde, ó tún gèlè ṣe. "Olúwa mi, mo fẹ́ràn ọmọ yìí bí ẹyinjú mi. Kò sí ohun tí mi ò lè ṣe fún un. Àmọ́ dókítà ní mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo mọ́. Mo yọwọ́."

Hóró ìlẹ̀kẹ̀ kan kú lọ́rùn ọmọ. Ọmọ náà juwọ́ sí i. "Ó dàbọ̀, Àǹtí Ẹlẹ́kún."

"Ta ni Ẹlẹ́kún?" Àǹtí Ìbídùn béèrè. Tìámíyù ti ń pe orúkọ tó kàn.

"Oyíndàmọ́lá!"

Ọkùnrin gíga kan dìde, Dúródọlá lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ. "Olúwa mi, àjà kejìlélógójì ni mò ń gbé. Ẹ̀rọ agbéniròkè wa ti bàjẹ́. Ọmọdé ò lè gùn ún."

"Báwo lẹ̀yin ṣe sọ̀kalẹ̀ wá?"

"Mo ṣáà sọ̀kalẹ̀ ni, Olúwa mi. Mi ò tíì mọ bí n ó ṣe padà. Mo yọwọ́."

"Ó dàbọ̀, Dádì Asín," ọmọ náà ní.

Wòlíì kan tó wọ aṣọ funfun dìde fún orúkọ kẹta. Ó ní Ẹ̀mí kò tíì sọ nǹkan kan fún òun lórí ọ̀rọ̀ náà. Adájọ́ bi í bóyá Ẹ̀mí ló sọ orúkọ fún un nígbà yẹn. Wòlíì ní, "Nígbà yẹn, Olúwa mi, ìrẹsì wà nílẹ̀." Ó yọwọ́. Báyìí ni wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń wí àwíjàre, tí wọ́n ń yọwọ́. Ẹnìkan ní òun ń lọ sí ìrìn àjò. Ẹlòmíràn ní ajá òun kì í fẹ́ rí ọmọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì ń juwọ́ sí wọn bí ẹni dúró létí èbúté.

Hóró kan péré ló kù. Fẹ̀hìntọlá ti pinnu: wọn ì báà pe orúkọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, òun ò ní mira. Kò kúkú rántí èyí tó sọ ọ́. Ó di ẹnu rẹ̀ pinpin, ó wo òrùlé.

"Àwẹ̀ró!"

"Mò ń bọ̀ o!" Fẹ̀hìntọlá kígbe, ó ti dìde kí ó tó mọ̀.

"Èmi nìyí," ọmọ náà wí nígbà kan náà.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Oríkì Fẹ̀hìntọlá fúnra rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí ìyá sì ti kú, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Ó jẹ́ pé lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹran, kò ráyè wá orúkọ, tara rẹ̀ ló yọ fún ọmọ ọlọ́mọ.

"Ta ni ń bọ̀?" Adájọ́ béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀, Olúwa mi. Mo ti ń lọ ni."

"Arántí, fi hàn wá."

Àwòrán tàn lára ògiri. Fẹ̀hìntọlá nìyẹn, tó kéré ní ọdún, tó sì tóbi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ju owó sínú àwo omi ìkókó, ojú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ara rẹ̀, ní òdìkejì títì, lábẹ́ àtíbàbà mìíràn tí wọ́n ti ń gbé itan màlúù kan kọjá lórí ọpọ́n. Wọ́n bi í lórúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ. Ó ní, "Àwẹ̀ró." Wọ́n na oyin sí i. Kò tilẹ̀ rí oyin. Ó ká ìró sókè, ó fi eré gé e.

Kóòtù rẹ́rìn-ín débi pé gèlè Àǹtí Ìbídùn kú. Fẹ̀hìntọlá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó tún rántí, ó kúnlẹ̀.

"Olúwa mi, ẹ ṣàánú mi. Ìsọmọlórúkọ méjì ló wà ní àdúgbò lọ́jọ́ náà. Mo ṣi ilé wọ̀ ni, ti iwájú ni mo bá lọ. Ẹ wò ó bí mo ṣe sá. Mi ò jẹ nǹkan wọn. Oyin lásán, mi ò tọ́ ọ wò."

Adájọ́ tún jókòó dáadáa. "O ní o ò tọ́ oyin?"

"Bí mo bá tọ́ ọ, kí eyín mi ó…"

"Dá eyín rẹ sí. Arántí, ṣé ó tọ́ oyin?"

Ohùn Arántí tutù bí omi àmù. "Kò tọ́ ọ."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Kò tọ́ ọ. Ó sá."

Adájọ́ mí kanlẹ̀. "Òfin ní ẹni tó bá ju owó tí kò tọ́ oyin, tí kò tọ́ iyọ̀, ariwo lásán ló pa, kò sọ ọmọ lórúkọ. Fẹ̀hìntọlá, a tú ọ sílẹ̀. Máa lọ."

Ẹ wo ayọ̀! Fẹ̀hìntọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó kí Adájọ́, ó kí akọ̀wé, ó kí Arántí, ó tún kí odó tó ti kú. Ó ti ń sáré lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí Adájọ́ ní kí Arántí pa hóró tó kù.

"Kò ṣe é pa, Olúwa mi," Arántí ní. "Orúkọ náà ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló ń pè é?"

"Ọmọ náà."

Gbogbo ojú yí sí ọmọ. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ròyìn ilé ìwé. "Àwòrán ìsọmọlórúkọ mi wà nínú ikùn Alágbàtọ́. Bí kò bá sí ẹnì kankan, mo máa ń wò ó. Gbogbo wọn ni mo mọ̀. Àǹtí yẹn ń sunkún, ó ní inú òun dùn. Dádì yẹn sín sínú àwo. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni màmá tó sá. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, mo máa ń tún un wò. Mo wá ń fi orúkọ wọn rán ara mi níṣẹ́. Àwẹ̀ró, lọ bu gaàrí wá. Àwẹ̀ró, ó tó, má jẹ ẹ́ tán."

Nínú dígí, ìyá ọmọ pariwo kékeré kan, ó pa á mọ́nu.

Ọmọ náà na ọrùn kó lè rí ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Màmá, ṣé ẹ padà rí ẹran yẹn jẹ?"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Fẹ̀hìntọlá ti wà níta, ti òsì ṣì wà nínú. Ilẹ̀kùn kò mọ èyí tó yẹ kí òun gbọ́ tirẹ̀ nínú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ń ṣí, ó ń tì, ó ń ṣí.

"Mi ò rí i jẹ," Fẹ̀hìntọlá dáhùn. "Kí n tó dé ọ̀hún, wọ́n ti gbé e wọ yàrá fún àwọn àlejò pàtàkì. Omi ni wọ́n bù fún mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín nínú gbogbo kóòtù, ó rín in débi tó fi di àpótí mú kó má baà ṣubú.

Ọkọ̀ Ilé Ńlá fọn fèrè níta. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ òsì kò tẹ̀lé ti ọ̀tún? Fẹ̀hìntọlá kò mọ̀. Òun tí kò sin adìyẹ rí. Òun tí yàrá rẹ̀ kò tó ẹni méjì yípo. Òun tí wọ́n tú sílẹ̀ gbangba, lójú òfin, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó bá ẹsẹ̀ náà wí nínú ọkàn rẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀.

"Olúwa mi," ó ní, "mo dúró."

Tìámíyù ní, "Ẹ ò lè dúró, màmá. Wọ́n ti tú yín sílẹ̀."

"Mo ní mo dúró."

"Olórúkọ nìkan ló ń dúró ní kóòtù yìí."

"Kí wá ni mò ń ṣe báyìí, ṣé mò ń fò ni?"

Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, akọ̀wé dákẹ́. "Arántí, òfin wo ló ní ẹni tí kò jẹ gbèsè orúkọ kò gbọdọ̀ gba ọmọ sọ́dọ̀?"

Arántí tú gbogbo òfin wò. "Kò sí, Olúwa mi. Kò sẹ́ni tó béèrè rí."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Fẹ̀hìntọlá, ṣé o mọ ọmọ tọ́?"

"Rárá, Olúwa mi."

"Ilé rẹ ńkọ́?"

"Yàrá kan. Òrùlé rẹ̀ dáa ṣá, èmi ni mo rán an."

"Kí ló dé tí o fi fẹ́ gbà á?"

Fẹ̀hìntọlá la ẹnu. Ó wá ìdí kan, ó wá èkejì. "Mi ò mọ̀, Olúwa mi."

"Ẹni àkọ́kọ́ tí kò purọ́ fún mi láti àárọ̀ nìyí," Adájọ́ ní. Ó yíjú sí ọmọ. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé wàá bá wọn lọ?"

Ọmọ náà rò ó dáadáa. "Ṣé wọ́n máa ń sá báyẹn nígbà gbogbo?"

"Bí oúnjẹ bá wà nítòsí ni," Fẹ̀hìntọlá ní.

"Màá lọ."

Adájọ́ fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ó ní eṣinṣin kóòtù yóò máa bá wọn gbé, yóò sì máa jábọ̀ fún òun fúnra òun. Ó ní ọ̀kan nínú bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, òun yóò sì kọ̀wé sí ọ̀gá wọn lórí òkun lónìí. "Àti ẹ̀yin, Ìbídùn, tí ẹ fẹ́ràn ọmọ bí ẹyinjú. Ẹyinjú yín yóò máa lọ wò ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tòun ti abọ́ oúnjẹ."

"Ẹ ṣé, Olúwa mi," Àǹtí Ìbídùn dáhùn ní ohùn kékeré tí kò bá ara rẹ̀ mu.

Fẹ̀hìntọlá ti dé ẹsẹ̀ àpótí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ mú; ó na ọwọ́ kan, ó fà á padà, ó na ìkejì. Ọmọ náà yan èyí tó wù ú, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá," ìyá ọmọ wí láti inú dígí. Ó ti sún mọ́ ọn débi pé ojú rẹ̀ kún gbogbo ògiri. "Mi ò mọ̀ yín, Ọlọ́run mọ̀ yín. Ẹ má fún un lẹ́yin o. Kò fẹ́ràn ẹyin. Bó bá jẹ ẹ́, ó máa ń bì í."

"Mo ti ń jẹ ẹyin," ọmọ náà ní.

Ìyá ọmọ wo Fẹ̀hìntọlá bí ẹni pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdáhùn wà. "Ó ti ń jẹ ẹyin?"

Fẹ̀hìntọlá wo ìyá, ó wo ọmọ, orí rẹ̀ dàrú pátápátá. "Ó ṣáà ní òun ti ń jẹ ẹ́, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Èmi kọ́ lẹ ó bi," Fẹ̀hìntọlá ní. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ǹtì, ó gbé e sókè títí ojú rẹ̀ fi bá ti ìyá rẹ̀ dọ́gba. Tìámíyù ń bọ̀ wá pa dígí, nítorí àkókò ti tó. Adájọ́ di apá rẹ̀ mú.

"Má tíì pa á."

Ọmọ náà na ìka kan, ó fi kan dígí, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ wà. "Ọjọ́ tí gaàrí tán ni," ó bẹ̀rẹ̀.